Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Ṣoṣo ní Lithonia

Ní Ṣakí, bí mo bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọmọ á ti máa sá wọ kíláàsì. "Alígébírà ń bọ̀ o!" Orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn, wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn. Ọmọ á kún inú kíláàsì débi pé àwọn kan á jókòó sójú fèrèsé, ẹni tí kò bá sì gbọ́ àlàyé mi á bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo máa ń bínú sí ariwo wọn nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè bá mi gbé ariwo yẹn wá sí Lithonia, ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà?

Níbí, èmi ni hẹdimásítà, èmi ni tíṣà, èmi náà ni mò ń gbálẹ̀ kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, èmi ni mo sì bí i.

Ìyàwó mi ni wọ́n pè sí Amẹ́ríkà, kì í ṣe èmi. Nọ́ọ̀sì ni. Ọsibítù kan lápá Lawrenceville ló gbà á síṣẹ́, èmi àti Fọlákẹ́ ọmọ wa sì tẹ̀lé e bí ẹrù. Mi ò fi bú ẹnikẹ́ni, bó ṣe rí ni mo sọ. Àwọn tó mọ̀ mí nílé rò pé bí mo bá ṣe ń balẹ̀ báyìí, àwọn iléèwé á máa fà mí lọ́wọ́ fà mí lẹ́sẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Wọ́n ní kí n fi ìwé ẹ̀rí mi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ó ku èyí, ó ku tọ̀hún. Wọ́n ní kí n wá lọ ṣe ìdánwò tí àwọn ọmọ tí mo kọ́ lè ṣe láìwo ìwé. Ó sú mi. Mo gba iṣẹ́ warehouse, Sátidé àti Sọ́ńdè, mò ń gbé páálí. Ọ̀gá mi níbẹ̀ kò tó àbúrò mi ìkẹyìn, "buddy" ló sì ń pè mí.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú yìí kì í ṣe òtútù, kì í sì í ṣe eré tí ọkọ̀ ń sá lórí ọ̀nà márosẹ̀ I-20. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ilé tó dára kún àdúgbò wa, àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n o lè dúró lójúde láti àárọ̀ dọ̀sán kí o má rí ẹni kí. Ìlẹ̀kùn gáréèjì á ṣí, ọkọ̀ á jáde, ìlẹ̀kùn á padé. Lọ́jọ́ kan, mo kí ọkùnrin kan tó ń gé koríko iwájú ilé rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń gé koríko rẹ̀ lọ. Mo dúró, mò ń retí kó béèrè ará ilé, kó béèrè ọmọ. Ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo wọlé.

A fi Fọlákẹ́ sí iléèwé ìjọba tí kò jìnnà sí wa, bọ́ọ̀sì yẹ́lò ló ń wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ ń fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sunkún délé, mo ní kó má dá wọn lóhùn, nígbà tó yá ó ní ọ̀rẹ́ méjì. Ìyẹn kò le. Èyí tó le ni ti ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ní kó sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún mi, bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Dádì, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe máa hide."

"Hide? Eré ni?"

"Rárá. Tí ènìyàn burúkú bá wá with a gun. A máa pa iná, a máa lọ sí corner, a ò ní sọ̀rọ̀. Tíṣà ní èmi ṣe é dáadáa jù. Mi ò tiẹ̀ mí."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kí n yìn ín.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, mo ní ọmọ yẹn kò padà síbẹ̀ mọ́. Ó ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ẹ fara balẹ̀. Gbogbo iléèwé ibí ló ń ṣe é. Ìmúrasílẹ̀ lásán ni."

"Ìmúrasílẹ̀ fún kí ni? Láti kékeré ni mo ti wà ní iléèwé, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń yin ọmọ nítorí pé kò mí."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe wá mọ̀ nìyẹn pé òfin Georgia gbà kí òbí máa kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé. Homeschool ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá gbọ́ nǹkan. Dìgírì tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ṣakí kò tó láti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níbí, ṣùgbọ́n kí n kọ́ ọmọ tèmi, ìwé mẹ́wàá ti tó. O kàn máa sọ fún ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé o fẹ́ máa kọ́ ọmọ rẹ nílé ni, ó parí. Èmi tí mo mọ òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, ṣé mo lè gbà pé ó parí?

Ní Ṣakí, ínsípẹ́kítọ̀ lè já wọlé nígbàkigbà. Tí ìròyìn wọn bá ti ń jà, a ó gbá gbogbo ọgbà, a ó lẹ àwòrán mọ́ ògiri, tíṣà tí kò bá ní lesson note á ní inú ń run òun. Nítorí náà mo sọ yàrá ìjẹun wa di kíláàsì. Mo ra pátákó, mo lẹ taímtébù mọ́ ògiri, mò ń kọ lesson note. Mo sì ń pe rẹ́jísítà láràárọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. "Fọlákẹ́." "Present, sà." Màá sàmì sí i. Mo tún ń so táì.

"Ta lẹ ń so táì fún nínú ilé yìí?" ìyàwó mi béèrè.

"Ìjọba lè dé nígbàkigbà."

Ìjọba ò dé. Ẹnikẹ́ni ò dé àfi ẹni tó ń gbé ẹrù tí ìyàwó mi rà lórí fóònù wá, òun náà á ju ẹrù sílẹ̀, á sá lọ.

Ká sọ òtítọ́, ọmọ náà mọ̀wé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yanjú ìṣirò ìdá fúnra rẹ̀, mo jó yí tábìlì ká, òun náà tẹ̀lé mi, a jọ ń jó. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba dìgírì lọ. Ayọ̀ tí mo ní ní Amẹ́ríkà kò pọ̀, ìdí tábìlì yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Tí mo bá di chalk mú, tí mo kọjú sí ọmọ kan, mo mọ ẹni tí mo jẹ́. Ní warehouse, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi pè mí láti Ṣakí ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan.

"Ọkọ mi, ṣé o ti wá rí iṣẹ́ tíṣà?"

"Mò ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, Ìyá."

"Olúwa, mo dúpẹ́. Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì ẹ?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan báwo?"

"Àjọkẹ́ ni mò ń kọ́." Oríkì Fọlákẹ́ nìyẹn, òun ni ìyá mi máa ń pè é.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ló ń bá a du ipò kìíní?"

"Kò sẹ́ni."

"Ta ló wá ń bá a ṣeré?"

"Èmi náà ni."

"Ìwọ? Ìwọ tí o ò ṣeré rí láti kékeré?" Wọ́n ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọkọ mi, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé o."

Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n tún ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé àjò wa yìí ò tiẹ̀ dùn, ilé sì jìnnà. Dípò ìyẹn, mo ní kí wọ́n bá mi kí gbogbo ará ilé. Inú ń bí mi sí wọn lọ́jọ́ yẹn, torí pé òótọ́ ni wọ́n sọ, èmi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, mò ń bọ̀ láti ibi tí mo ti ń fọ abọ́, mo gbọ́ ohùn Fọlákẹ́ ní pálọ̀. Ó ti kó gbogbo bàtà ilé wa, tèmi, ti ìyá rẹ̀, tirẹ̀, ó tò wọ́n sí ìlà ìlà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ń pe rẹ́jísítà. "Jayla." Ó yí ohùn padà, ó ní, "Present." "Brianna." "Present." Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní iléèwé àtijọ́ nìyẹn. Ó dé orí bàtà tirẹ̀. "Fọlákẹ́." Ó gbé e kúrò lórí ìlà. "Absent."

Ẹ̀rín ni mo rín. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọmọ wa máa jogún iṣẹ́ mi. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Fọlákẹ́, ọmọ yìí ń wá ẹgbẹ́."

"Ṣé ẹgbẹ́ ló ń kọ́ èèyàn níwèé?"

"Mi ò sọ̀rọ̀ ìwé," ó ní, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kó bàtà náà nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún tí Fọlákẹ́ wà ní third grade, ìyẹn kíláàsì kẹta ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ìdánwò wá délẹ̀. Òfin ní ọmọ tó ń kàwé nílé gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń ṣe káàkiri Amẹ́ríkà bó bá ń parí third grade, kó sì tún máa ṣe é ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ibi tí mo kà á dé nìyẹn. Ìyókù, orí èmi fúnra mi ló kọ ọ́. Ọmọ Nàìjíríà ni mí, kí lẹ fẹ́ kí n rò? Ìdánwò tí ìjọba bá ti fọwọ́ sí, o yege tàbí o gbòdo, bí o bá sì gbòdo, wọ́n á gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ.

"Ẹ pe ẹnì kan kí ẹ béèrè," ìyàwó mi sọ.

"Kí n béèrè kí ni? Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ìdánwò fún ọmọ?"

Kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Ẹ̀rù tó ń bà mí pín sí méjì. Ó ń bà mí kí wọ́n má dá ọmọ mi padà síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ kó má mí. Ó sì ń bà mí nítorí ara mi. Bí wọ́n bá gba Fọlákẹ́ lọ́wọ́ mi, kí ni mo kù fún? Màá di ẹni tó ń gbé páálí ní Sátidé, tó ń jókòó ti fèrèsé ní Mọ́ńdè.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdánwò náà dẹ́rù ba ọmọ. Tó bá ti gbójú kúrò lórí ìwé, tó ń wo bọ́ọ̀sì tó ń kọjá, màá ní, "Fọlákẹ́, ìjọba ń bọ̀ o. Tí o bá fail, wọ́n á wá mú ẹ, wọ́n á dá ẹ padà sí iléèwé yẹn."

"Wọ́n máa wá sí ilé yìí?"

"Wọ́n á wá."

"Wọ́n máa fi bus wá?"

"Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi wá. Kàwé ẹ."

Ó gbé ojú padà sórí ìwé. Mo rò pé ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára, inú mi sì dùn.

Ìyá àgbàlagbà kan ní Morrow, Miss Carol, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń ṣe ìdánwò náà fún àwọn ọmọ tó ń kàwé nílé. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo wọ kóòtù lọ. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọlé, wọ́n ní kí àwa òbí dúró síta. Nígbà ìsinmi, mo wà nínú ọkọ̀, mo gbọ́ tí ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rín náà ga, kò ní ìjánu. Mo ní ọmọ ta lèyí? Mo yọjú. Fọlákẹ́ ni. Ó ń sáré lé ọmọbìnrin kan, bàtà rẹ̀ ti bọ́ sọnù, òógùn bo ojú rẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn nílé wa.

"Fọlákẹ́," mo pè é, "ó yẹ kó o máa ronú sí ìdánwò ẹ."

Ó dúró. Ó lọ wá bàtà rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, mo ní, "Ṣé o yẹ iṣẹ́ ẹ wò kó o tó fi sílẹ̀?"

"Yes, sà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Nígbà tí èsì jáde, Miss Carol pè mí, wọ́n ní ó máa wu àwọn kí n wá gbà á fúnra mi. Mo fi Fọlákẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, mo lọ. Wọ́n gbé ìwé náà síwájú mi. Mo wo ìlà ìṣirò, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwé kíkà, bákan náà. Mo wo òkè bóyá ti ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n mú fún mi. Orúkọ ọmọ mi ló wà níbẹ̀.

"Ọmọ yín kì í ṣe olódo," Miss Carol sọ. "Mò ń wò ó nígbà tó ń ṣe é. Á ka ìbéèrè, á fi ìka ṣírò lórí tábìlì, á wá sàmì sí ìdáhùn. Ọmọ tí kò mọ nǹkan á ṣèèṣì mú ìdáhùn díẹ̀ tó tọ̀nà. Ti ọmọ yìí, kò sí ìkankan tó tọ̀nà nínú ìṣirò. Ó ní láti mọ gbogbo rẹ̀ kó tó lè kùnà gbogbo rẹ̀."

Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ibòmíì ni ọkàn mi wà. "Kí ni ìjọba máa ṣe sí wa?"

"Ìjọba wo?"

"Àwọn tí ẹ máa fi èsì yìí ránṣẹ́ sí."

"Mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú ẹ sílé."

"Tí ọmọ bá wá kùnà ńkọ́?"

Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú. "Ẹ̀yin òbí lẹ máa pinnu ohun tó kàn."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé ṣọ́ọ̀ṣì náà, mo sì sunkún bí ọmọdé. Kò sí ínsípẹ́kítọ̀ kankan, kò sí i rí. Gbogbo táì tí mo so, gbogbo lesson note, gbogbo rẹ́jísítà, kò sẹ́ni tó fẹ́ rí i. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Ṣakí. Ìjọba ilé a máa yọ èèyàn lẹ́nu, wọ́n á jẹ ọ́ lówó oṣù, wọ́n á sọ ọ́ sí ìgbèríko, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé o wà. Níbí, mo lè sọ ọmọ mi di ọ̀jọ̀gbọ́n, mo lè sọ ọ́ di òmùgọ̀, kò sẹ́ni tó máa kan ìlẹ̀kùn wa. Mo ti ń bẹ̀rù pé ìjọba máa wá. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé mo ti ń retí wọn.

Fọlákẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ti wọ bàtà. Ó ti gbé báàgì iléèwé rẹ̀ àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

"Dádì, ṣé mo fail?"

Ojú rẹ̀ ń dán. Iṣẹ́ mi ni. Mo mọ ojú ọmọ tó ń bẹ̀rù èsì, mo sì mọ ojú ọmọ tí kò lè dúró dè é.

"O fail."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó wá rí ojú mi, ó sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú. "Pẹ̀lẹ́, Dádì. Ẹ má sunkún. Mo máa wá sílé ní every evening." Ó wo ojú ọ̀nà. "Ìgbà wo ni wọ́n máa wá mú mi?"

Ìyá rẹ̀ ti yọ láti kíṣíìnì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wá àga, ó jókòó.

"Fọlákẹ́," mo ní, "iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ yín bí ẹ ṣe máa sá pamọ́, ibẹ̀ lo fẹ́ lọ? Ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

"Ẹ̀rù máa ń bà mí. But a jọ máa ń hide ni. Gbogbo wa. Jayla di ọwọ́ mi mú."

Mo jókòó sórí àga tí mo ti ń kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọwọ́ mi.

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀," mo ní.

"Ẹ sọ pé ìjọba máa wá."

"Àṣìmọ̀ ni. Ìjọba ò béèrè wa. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó ní kó o má lọ sí iléèwé, kò sì sẹ́ni tó máa wá mú ẹ lọ."

Ó ronú sí i. Mo rí i tó ń fi ìka kọ nǹkan sára báàgì, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń yanjú ìṣirò.

"So, ẹ̀yin lẹ ní kí n má lọ?"

"Èmi ni," mo ní.

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.